Gíà ike ẹ̀gbẹ́ fúsà ń jẹ léraléra: ṣé kí n gé e ní idẹ ni?

OniFotokopi (Òkè-Odò, Tánkẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ṣọ́ọ̀bù fotokọ́pì ni mo ní ní Òkè-Odò, àwọn ọmọ Unilorin ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ẹ mọ bí àsìkò ìdánwò ṣe máa ń rí: iná ìjọba ni o, jẹnẹrétọ̀ ni o, ẹ̀rọ kì í sinmi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀rọ ńlá tòkunbọ̀ ni. Gíà ike kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fúsà, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń fi ooru lẹ tónà, lẹ́búlẹ́bú tó fi ń tẹ̀wé, mọ́ pépà. Gíà yẹn ló ń yí róólà gbígbóná. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá pẹ́ dáadáa kó tó jẹ, àwọ̀ ilẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti fi funfun kan rọ́pò rẹ̀ ni wàhálà ti dé. Kì í pẹ́ tí eyín rẹ̀ fi ń tín-ín-rín, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ká-ká-ká, pépà á há, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Wọ́n tún fi funfun mìíràn sí i, ibi kan náà ló já sí.

Ẹnì kan ní kí n lọ gé e ní idẹ, pé kò ní jẹ mọ́ láyé. Ẹlòmíràn ní ọmọ kan wà ládùúgbò wa tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde lórí 3D printer, ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike láti fi mọ nǹkan. Owó tí mo máa fi dán gbogbo rẹ̀ wò ò sí. Èwo ni kí n ṣe?

BabaLathe (Sango)

Ọmọ mi, gbé e wá sí Sango. Idẹ ni kí o fi ṣe é. Ibi tí iná wà kọ́ ni wọ́n ń fi ike sí. Àwọn tó ṣe é ń ṣọ́ owó tiwọn ni, wọ́n fẹ́ kó máa bàjẹ́ kí ẹ máa rà. Mo ti gé gíà fún ẹ̀rọ aránṣọ, mo ti gé e fún ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, wọ́n ṣì ń yí di òní olónìí.

Rewaya_Taiwo (Táíwò)

Àǹtí, kí ẹ tó náwó kankan, ẹ yọ gíà tó bàjẹ́ yẹn, kí ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo eyín rẹ̀ dáadáa. Eyín tó bàjẹ́ máa ń sọ ohun tó ṣe é.

Bí ojú eyín bá ń dán, tí ike ti ṣàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó wá yọ etí, ooru ló pa á. Bí eyín bá kàn tín-ín-rín, tí orí rẹ̀ ti ṣóńṣó, tí lẹ́búlẹ́bú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ ni, yálà nítorí eruku tàbí nítorí gíà kejì tó ń bá a yí. Bó bá kán láti ìdí, tí ojú ibi tó kán mọ́ rekete, ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù tàbí ó ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé eyín kan tàbí méjì ló lọ, tí ìyókù dà bíi tuntun, a jẹ́ pé nǹkan há síbẹ̀, tàbí ẹnì kan fi tipátipá fa pépà tó há. (Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù! Ẹ bi wọ́n léèrè, wọn ò ní jẹ́wọ́.)

Ẹ tún wò ó fún wa: gíà tó ń bá a yí, ike ni àbí irin?

OniFotokopi

Mo ti yọ ọ́. Ojú eyín ń dán gbinrin, ike sì ti yọ etí sí ọ̀tún, ó ti ṣàn lóòótọ́. Lẹ́búlẹ́bú funfun náà wà díẹ̀. Gíà tó ń bá a yí, ike funfun lòun náà. Kò sí èyí tó kán.

Atewe3D (Tánkẹ̀)

Ó dà bíi pé èmi ni "ọmọ kan ládùúgbò wa" o 😄 Àǹtí, mo lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé gíà tó dáa wá kí n wọn ọ́n. PLA ni ike tí mo máa ń fi tẹ̀ ẹ́, ó le gan-an, ó le ju ti funfun yẹn lọ. Mo ti tẹ gíà fáànù fún èèyàn tó pọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí orí fáànù máa yí sọ́tùn-ún sósì.

EyinGia (Òmù-Àrán)

Àbúrò, gíà orí fáànù dára, torí pé jẹ́jẹ́ ló ń yí, kò sì sí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fúsà ńkọ́? PLA ti ń rọ̀ kó tó kọjá nǹkan bí 60°C. Bóyá ló máa pẹ́ tó ẹ̀dà ogún ìwé. Kódà bí o bá gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa nínú oòrùn oṣù kẹta Ìlọrin yìí, ó lè ti wọ́ kí o tó padà dé. Pé nǹkan le nígbà tí ara rẹ̀ tutù kò sọ pé yóò le nígbà tó bá gbóná.

Àǹtí OniFotokopi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó gùn díẹ̀, ẹ má bínú.

Ooru méjì ló ń bá gíà yẹn jà. Gbogbo wa la mọ ti àkọ́kọ́: fúsà máa ń gbóná tó 180 sí 200°C kí tónà tó lè yọ́ mọ́ pépà, ooru yẹn á sì máa gba orí ṣáàfù àti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ wá bá gíà. Ìkejì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í kà sí: gíà ń ṣe ooru fúnra rẹ̀. Nígbà tí eyín méjì bá pàdé, wọ́n ń yí lórí ara wọn lóòótọ́ ní agbede-méjì eyín, ṣùgbọ́n bó bá ti kúrò níbẹ̀, sí òkè tàbí sí ìdí, wọ́n ń yọ̀ lórí ara wọn ni. Yíyọ̀ yẹn ló ń di ooru. Bí ẹrù bá wúwo sí i, ooru á pọ̀ sí i; bí gíà bá yára sí i, bákan náà.

Irin náà ń ṣe ooru báyìí, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lójú eyín irin, ó ń wọ inú lọ, ó sì ń gba ṣáàfù jáde. Tí ẹ bá gbé irin lásán sórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ooru ṣe ń gba inú nǹkan kọjá, nǹkan bí 50 ni. Ike kì í sábà ju 0.2 sí 0.4 lọ. Ẹ ò rí i pé ó ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà ojú eyín ike nìkan ni ooru ń jókòó lé. Ojú yẹn á rọ̀, eyín á tẹ̀ díẹ̀, kò ní pàdé èkejì rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, yíyọ̀ á pọ̀ sí i, ooru á tún pọ̀ sí i. Ooru ń bí jíjẹ, jíjẹ ń bí ooru. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dúró.

Ẹ wá wo ike funfun yẹn. Bó bá jẹ́ acetal, èyí tí wọ́n sábà ń fi ṣe gíà inú ẹ̀rọ fotokọ́pì, láàárín 165 sí 175°C ló ti ń yọ́. Kó sì tó yọ́ rárá, bó bá ti tó 80 tàbí 90°C, líle rẹ̀ ti dín kù sún mọ́ ìdajì. Ó dára gan-an níbi tí kò sí iná. Àmọ́ èyí tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́, tó ní àwọ̀ ilẹ̀, irú àwọn ike tí wọ́n dìídì ṣe fún ooru ni wọ́n ń fi síbẹ̀: PPS tó ń yọ́ ní nǹkan bí 280°C, tàbí PEEK tó ń dé 343°C kó tó yọ́. Àwọ̀ nìkan kò tó láti fi dá wọn mọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó fi funfun rọ́pò rẹ̀ tà yín ní gíà tí eyín rẹ̀ bára mu tí ara rẹ̀ kò bára mu.

Rewaya_Taiwo

Ṣé ẹ rí i? Bẹ́ẹ̀, ní Táíwò níbí, ohun tí oníbàárà máa ń béèrè ò ju "ṣé ó wọlé?" lọ. Bó bá ti wọlé, wọ́n á sanwó.

BabaLathe

EyinGia, mo ka gbogbo rẹ̀. Ohun tí o sọ yẹn gan-an ni mo ń sọ. Irin ń gbé ooru lọ, ike kò gbé e lọ. Kí ló wá dé tí kò fi ní jẹ́ idẹ?

EyinGia

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí ooru ń lọ ṣe pàtàkì. Níbòmíràn, irin ń gba ooru kúrò lójú eyín, ó ń gbé e dà sí ara ẹ̀rọ, ó dára bẹ́ẹ̀. Nídìí fúsà, róólà gan-an ni ó gbóná jù. Bí ẹ bá fi gíà idẹ sẹ́nu rẹ̀, idẹ ń gbé ooru ju irin lásán lọ ní ìlọ́po méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Á máa fa iná láti ara róólà, á máa fi bọ́ gíà funfun kejì tó ń bá a yí. Gíà idẹ kò ní jẹ lóòótọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni yóò yọ́, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, wọ́n á máa tò lọ títí dé ẹnu mọ́tọ̀. Ike ibẹ̀ tún ń ṣe iṣẹ́ ìdènà ooru, kò kàn ń yí lásán.

Ariwo náà ńkọ́? Ọ́ìlì ńkọ́? Idẹ tó ń bá ike yí láìsí ọ̀rá, bí ojú rẹ̀ kò bá dán, á máa họ ike bí ẹní fi fáìlì họ ọ́. Bẹ́ẹ̀, èèyàn ò lè da ọ̀rá sí inú ẹ̀rọ tó ń tẹ pépà funfun.

Ọjọ́ tí pépà bá tún wá há gírígírí, eyín ike á kán, iṣẹ́ á dúró níbẹ̀. Eyín idẹ kò ní kán. Kí ni yóò kán dípò rẹ̀? Ṣáàfù, tàbí mọ́tọ̀. Èwo ló wọ́n jù?

BabaLathe

Ti pé idẹ á máa fa iná wọ inú, mo gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ ọ́ bíi pé irin àti ike kì í gbé pọ̀. Gíà ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí mo sọ, irin ni kékeré tó wà lẹ́nu mọ́tọ̀, nylon ni ńlá (ike líle ni mò ń sọ o, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di ọjà). Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ nìyẹn.

EyinGia

Bàbá, ẹ sọ òtítọ́, àgbà oníṣẹ́ ni yín. Irin kékeré pẹ̀lú ike ńlá ni ìsopọ̀ tó dára jù, bí kì í bá ṣe irin yẹn ni iná ti ń bọ̀. Kékeré ló ń yí jù, eyín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pàdé jù, nítorí náà òun ló yẹ kó le, òun náà ló sì yẹ kó máa kó ooru jáde. Ẹ kàn jẹ́ kí ojú irin náà dán. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ike díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ojú irin, á di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ike á sì máa yọ̀ lórí ike ara rẹ̀ níbẹ̀, jíjẹ á dín kù. Irin tó rí ṣákaṣàka ò jẹ́ kí awọ yẹn jókòó.

Èyí tó burú ni acetal lórí acetal, tí méjèèjì jẹ́ ike kan náà, tí kò sí ọ̀rá láàárín wọn. Wọ́n ń jẹ ara wọn ju bí acetal ṣe ń jẹ lórí nylon tàbí lórí irin lọ. Ó sì jọ pé ohun tí Àǹtí ní lọ́wọ́ báyìí nìyẹn: funfun lórí funfun.

Onimoto_Ajase (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Nínú ọkọ̀ ńkọ́? Mọ́tọ̀ tó ń gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè, ike ni gíà inú rẹ̀, tèmi ti pẹ́ gan-an kò tíì jẹ. Ṣé ti inú ọkọ̀ dára jù ni?

Rewaya_Taiwo

Ìṣẹ́jú àáyá mélòó lẹ fi ń gbé gíláàsì sókè lọ́jọ́ kan? Ó ń gbóná díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ó ń tutù. Kí ẹ gbé e fún ọmọdé kó máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀ sókè-sódò láti Àjàṣẹ́ dé Ìlọrin, ẹ ó rí i.

EyinGia

Rewaya ti sọ ọ́ 😂 Irin ni ọ̀pá tó dà bíi síkúrù tó ń yí gíà yẹn, ìyẹn náà ń ràn án lọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ran sítíáríǹgì lọ́wọ́, nylon ni gíà ńlá tó wà níbẹ̀, irin ló ń yí i.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò bọ́ sí i. Àwọn mẹkáníìkì àgbà á rántí àwọn ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà ńlá tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1960 sí 1980, àwọn oní-V8. Kí ṣéènì tó ń yí káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) má bàa pariwo, wọ́n fi nylon bo eyín gíà aluminium ibẹ̀. Kò pariwo lóòótọ́. Ooru ẹ́ńjìnnì àti ọjọ́ orí wá mú kí nylon náà gbẹ, ó fọ́, àwọn àfọ́kù rẹ̀ jábọ́ sínú ọ́ìlì nísàlẹ̀, wọ́n sì dí ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì. Àfọ́kù ike lásán ló ń pa odindi ẹ́ńjìnnì.

Onimoto_Ajase

Háà! Bàbá mi ní irú ọkọ̀ yẹn rí. Ẹ ṣeun.

OlomoAdiye (Ọ̀fà)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà sí i díẹ̀. Íńkúbétọ̀ ni mo fi ń pa ẹyin níbí ní Ọ̀fà. Ẹnì kan ló bá mi kàn án, gíà ike ńlá kan ló ń yí àwọn àwo ẹyin, irin kékeré ló ń bá a yí. 37.5°C ni mo ń fi í sí, ìyẹn ò gbóná rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fúsà Àǹtí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé omi sínú rẹ̀ fún ọ̀rinrin, láàárín ọjọ́ mélòó kan gíà á há, mọ́tọ̀ á máa kùn lásán, àwo kò ní yí. Bí mo bá ṣí i sílẹ̀ tó gbẹ, á tún máa yí. Ṣé ooru ni?

EyinGia

Rárá o, omi ni. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn fúnra yín: "bó bá gbẹ, á tún máa yí".

Nylon ń mu omi. Nylon 6, bó bá mu omi yó, omi inú rẹ̀ lè tó ìpín mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Acetal kì í mu tó ìpín kan. Bí nylon sì ti ń mu ún ló ń wú. Gíà tó fẹ̀ tó 100 mm, bó bá mu omi tó ìpín mẹ́ta péré, ó lè fi ju ìdajì mílímítà lọ fẹ̀ sí i. Ooru tó wà nínú íńkúbétọ̀, tó kàn ju ti yàrá lọ díẹ̀, kò lè fẹ̀ ẹ́ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ. Omi ló ń há a, ooru ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bákan náà ló ṣe jẹ́ pé nígbà ọyẹ́, gíà nylon máa ń kán ju ìgbà òjò lọ. Bó bá gbẹ, ó ń le ṣùgbọ́n ó ń fọ́. Bó bá mu omi díẹ̀, ó ń rọ̀ ṣùgbọ́n kì í tètè kán. Ẹni tó bá ra gíà nylon lóṣù kìíní kó má ṣe fi bó ṣe rí lọ́jọ́ náà wọn gbogbo ọdún.

OlomoAdiye

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá nylon ni? Ẹni tó kàn án ní "rọ́bà funfun tó dára" ni.

BabaLathe

Àwa máa ń fi iná kan án. Bí nylon bá jó, ó ń rùn bí irun tó jó. Acetal ní tiẹ̀, iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lọ́sàn-án, òórùn rẹ̀ sì ń ta imú àti ojú gan-an. Má ṣe ṣe é nínú yàrá o, ìta gbangba ni, kí o sì dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Májèlé ni èéfín yẹn.

EyinGia

Ọ̀nà kan wà tí kò ní èéfín, bàbá náà á fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gé ègé kékeré, tí kò sí irin lára rẹ̀. Ẹ jù ú sínú omi lásán. Bó bá léfòó, nylon kọ́, acetal kọ́, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì lè ni, kò yẹ fún eyín gíà tó ń ṣiṣẹ́ gidi. Bó bá rì, ẹ wá omi gbígbóná díẹ̀, ẹ máa da iyọ̀ sí i, ẹ máa rò ó, títí iyọ̀ kò fi ní yọ́ mọ́, tó kàn jókòó sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ ju ègé náà sí i, ẹ fi ìka nu afẹ́fẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn. Nylon á léfòó nínú omi iyọ̀ yẹn, acetal á rì.

Ìwọ̀n wọn ló fà á: nylon jẹ́ 1.14, omi iyọ̀ tó kún bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.2, acetal jẹ́ 1.41. Nylon tí wọ́n po gíláàsì mọ́ nìkan ló lè tàn yín jẹ, torí pé òun náà á rì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá họ ọ́, ẹ ó rí okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ibi tí ẹ gé. Èyí tó ní gíláàsì yẹn le dáadáa, ó sì fara da ooru, ṣùgbọ́n gíláàsì inú rẹ̀ ń jẹ gíà kejì. Bí kò bá jẹ́ irin líle ló ń bá a yí, ẹ má ṣe é.

Atewe3D

Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ ti omi iyọ̀ yẹn sílẹ̀. PLA kò wúlò fún gíà ooru nìyẹn?

EyinGia

Ó wúlò fún ohun kan tí kì í pẹ́: tẹ gíà náà pẹ̀lú PLA, fi ọwọ́ yí i nínú ẹ̀rọ tó tutù, wò ó bóyá eyín pàdé, bóyá ihò ṣáàfù ṣe déédéé. Bó bá bọ́ sí i, gbé ìwọ̀n yẹn fún bàbá ní Sango kí wọ́n gé e lára ike gidi. Ìwọ pẹ̀lú wọn lè jọ máa ṣiṣẹ́. Àwọn ará Jámánì ní ìlànà odindi lórí gíà ike, VDI 2736 ni wọ́n ń pè é; ooru ojú eyín wà lára ohun tí wọ́n ń fi í ṣírò kí wọ́n tó gba gíà wọlé. Bí o bá ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjinníà, wá a kà.

BabaLathe

Kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kó má pẹ́ dé, mi ò fẹ́ràn ọmọ tó ń sùn di ọ̀sán.

OniFotokopi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Rewaya bá mi yọ fúsà náà jáde, ẹ wá gbọ́ ohun tí a bá níbẹ̀. Kò tiẹ̀ ṣeé fọwọ́ yí! Búṣì méjèèjì tó gbé róólà ti gbẹ, ọ̀kan ti jẹ lápá kan, róólà wá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Fáànù kékeré ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fẹ́ ooru jáde, eruku àti tónà ti dì í pa. Kò tilẹ̀ yí.

Rewaya_Taiwo

Ohun tí mo fẹ́ kí Àǹtí fojú ara wọn rí nìyẹn. Gíà ni wọ́n ń pààrọ̀, gíà kọ́ ló ń ṣàìsàn. Búṣì gbẹ, róólà wúwo láti yí, ẹrù wá pọ̀ lójú eyín. Fáànù kú, ooru kò ríbi jáde. Kó wá jẹ́ acetal lórí acetal láàárín méjèèjì. Bí wọ́n bá fi wúrà gé gíà yẹn, yóò ní ibi tó máa já sí.

Mo ti fi búṣì tuntun sí i, irú èyí tó ń fara da ooru, mo fọ fáànù, ó ń yí. Mo bá wọn wá gíà tó jẹ́ ti ẹ̀rọ náà gan-an, ara ẹ̀rọ kan tó ti kú ni mo ti yọ ọ́, eyín rẹ̀ ṣì péye. Mo fi ìka pa ọ̀rá funfun oní-PTFE (Teflon) sí i lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tó ń fara da ooru gíga.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe: ẹ yéé fi gírísì dúdú tí wọ́n ń kì sí béárìn táyà kún inú ẹ̀rọ fotokọ́pì. Iná fúsà á yọ́ ọ, á ṣàn lọ sórí róólà. Èyí tó bá sì kù lójú eyín á máa kó tónà àti eruku mọ́ra. Tónà kì í ṣe ìyẹ̀fun lásán, ti àwọn ẹ̀rọ mìíràn ní lẹ́búlẹ́bú irin nínú. Ẹ da ìyẹn pọ̀ mọ́ gírísì, ohun tí wọ́n fi ń họ irin lẹ ti ṣe yẹn.

BabaLathe

Rewaya, ó dára. Ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn, ta ló ń nu ẹ̀yìn ẹ̀rọ?

OniFotokopi

Bàbá, mi ò mọ̀ pé fáànù wà lẹ́yìn rẹ̀ rárá 🙈 Ògiri la gbé e tì. Mo ti fà á síwájú báyìí, ọwọ́ èèyàn lè kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ká-ká-ká ti dákẹ́. Ìdánwò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibẹ̀ la ó ti mọ bóyá ó gbà.

OlomoAdiye

Ẹ̀gbọ́n EyinGia, mo ti ṣe ti omi iyọ̀. Nínú omi lásán ó rì, nínú omi iyọ̀ ó léfòó. Nylon ni nìyẹn, àbí?

EyinGia

Nylon ni. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè jẹ́ kí bàbá gé òmíràn ní acetal, ọ̀rinrin íńkúbétọ̀ kò ní ṣe é nǹkan kan tó tó sọ. Tàbí kí ẹ fi nylon náà sílẹ̀, kí ẹ sún ṣáàfù kékeré sẹ́yìn díẹ̀ kí àlàfo wà láàárín eyín, ṣùgbọ́n nígbà tó bá gbẹ, á máa mì jìgìjìgì. Acetal ni mo fara mọ́ jù. Iṣẹ́ yẹn rọrùn, jẹ́jẹ́ ni àwo ń yí, ooru rẹ̀ ò tó nǹkan, irin ló sì ń bá a yí.

Bàbá, bí ẹ bá ń gé e, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ díẹ̀ ju bí ẹ ó ti ṣe fún irin lọ. Acetal ń fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́sàn-án irin bó bá gbóná. Èyí tó jẹ́ 100 mm, bí ooru rẹ̀ bá fi 40°C lọ sókè, á fi ju 0.4 mm fẹ̀. Irin ò ní ju 0.05 mm. Nínú íńkúbétọ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e síta nínú oòrùn kí wọ́n tó lò ó, ó lè dé ìdajì rẹ̀.

BabaLathe

Mo ti ń gé nylon kí wọ́n tó bí ẹ, mo mọ̀ ọ́n fi àlàfo sí i 😀 Ará Ọ̀fà, má ṣe mú gíà ńlá nìkan wá. Mú irin kékeré náà wá, kí o sì wọn àárín ṣáàfù méjèèjì fún mi. Mo fẹ́ wo ojú irin yẹn. Bí fáìlì ni wọ́n fi gé eyín rẹ̀, èyí tuntun náà á jẹ, a ó kọ́kọ́ mú kí ojú irin náà dán ná.

OlomoAdiye

Ẹ ṣeun bàbá. Fáìlì ni, mo ti rí ipa rẹ̀ lára eyín. Ọjọ́ wo ni kí n wá?

BabaLathe

Ọjọ́ Jímọ̀ kọ́, mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Sátidé, kó tó di aago mẹ́wàá. Ọmọ 3D yẹn náà ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn.